Síìpù kóòdù 20019 àti 20020: owó kan náà ṣáà ni wọ́n ń san

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 2024, Brian Schwalb tó jẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà ìlú Washington, D.C. gbé Amazon, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ sí kọ́ọ̀tù. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ ẹjọ́ yẹn, ìdajì ni wọ́n ń sọ. Àwọn kan ní ẹjọ́ kẹ́lẹ́yàmẹ̀yà ni, àwọn kan ní ẹjọ́ olè ni, méjèèjì ò sì rí bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe lọ.

Ẹ̀sùn yẹn ò lọ́jú pọ̀. Schwalb ní láti oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni Amazon ti yọ síìpù kóòdù méjì (nọ́ńbà àdúgbò tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń lò), ìyẹn 20019 àti 20020, kúrò lára àwọn ibi tí mọ́tò tiẹ̀ fúnra ẹ̀ ń gbé ẹrù Prime lọ, ìyẹn ètò tí oníbàárà ń sanwó fún kẹ́rù ẹ̀ lè tètè dé, wọn ò sọ fún ẹnì kankan níbẹ̀, wọ́n sì ń gba owó Prime lọ́wọ́ wọn lọ bí wọ́n ṣe ń gbà á lọ́wọ́ gbogbo ayé. Owó yẹn, $139 ni lọ́dún nígbà tó pe ẹjọ́ yẹn ní 2024, ẹni tí ò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan á máa san $14.99 lóṣooṣù. Ẹni tó bá ti fi Prime ra nǹkan rí mọ̀ pé tìtorí kẹ́rù lè tètè dé lèèyàn fi ń san án, fíìmù àti orin tí wọ́n fi kún un, ènì lásán nìyẹn. Nínú síìpù kóòdù méjèèjì yẹn, bíi 48,000 èèyàn ló ń san Prime nígbà yẹn. Kì í ṣe èèyàn díẹ̀ o.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tá à ń sọ. Odò kan wà tó gba inú Washington kọjá, Anacostia lorúkọ ẹ̀, ó ya apá ìlà-oòrùn ìlú yẹn sọ́tọ̀. Apá ọ̀hún ni 20019 àti 20020 wà, ibẹ̀ náà ni apá tó pọ̀ jù nínú wọ́ọ̀dù 7 àti wọ́ọ̀dù 8 wà. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́, owó tó ń wọlé fún ilé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ kò sì tó ti òdìkejì odò, kò tiẹ̀ súnmọ́ ọn. Ilé tí Frederick Douglass, aláwọ̀ dúdú tó jà kí wọ́n fòpin sí òwò ẹrú, gbé títí tó fi kú, inú 20020 ló wà, àwọn arìnrìn-àjò ṣì ń lọ wò ó dòní. Súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá tó wà ní wọ́ọ̀dù méjèèjì ò tó nǹkan rárá tí èèyàn bá fi wé iye àwọn tó ń gbébẹ̀. Torí náà tí ẹnì kan tí ò ní mọ́tò bá ń gbé ibẹ̀, tọ́mọ wà lọ́wọ́ ẹ̀, tó nílò pámpásì àti mílíkì ọmọ, bọ́ọ̀sì ló máa wọ̀ lọ síbi tó jìnnà àbí kó ra á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ibi tí wọ́n ti yọ dẹlífárì yìí gan-an ló wúlò jù sí, tó bá jẹ́ àdúgbò olówó tí súpámákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta yí ká ni, ta ló máa ráyè fura.

Báwo ni wọ́n ṣe yọ wọ́n? Kì í ṣe pé wọ́n ní àwọn ò ní tà fún wọn mọ́. Tí èèyàn bá wà ní 20019, ọjà ṣì wà níbẹ̀ tó lè rà, bọ́tìnnì ṣì wà tó máa tẹ̀, owó á kúrò nínú àkáǹtì, ẹrù á sì dé. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tó ń gbé e wá. Níbi tó kù ní Washington, mọ́tò tó ní orúkọ Amazon lára ló ń gba àárín títì kiri, ìyẹn ló sì yá jù nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé ẹrù. Ní síìpù kóòdù méjèèjì yìí, wọ́n dá mọ́tò yẹn dúró, wọ́n wá kó ẹrù àwọn èèyàn fún UPS tó jẹ́ ilé iṣẹ́ akẹ́rù míì àti ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba. Àwọn yẹn náà ń ṣiṣẹ́ wọn dáadáa, àmọ́ wọn ò yá tó.

Ẹ wá wo bó ṣe hàn nínú fígọ̀ tó wà nínú ẹjọ́ yẹn. Ní ọdún 2021, kí wọ́n tó yọ wọ́n, tí wọ́n bá gbé ẹrù Prime 100 lọ sí síìpù kóòdù méjèèjì, 72 lára ẹ̀ ló ń dé láàárín ọjọ́ méjì. Nígbà tó fi máa di 2023, ó ti já sí 24. Láàárín ìgbà kan náà, níbi tó kù nínú ìlú, bíi 74 tàbí 75 ló ń dé láàárín ọjọ́ méjì, kódà ó tún dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìlú kan náà, owó kan náà, odò kan ló wà láàárín.

Ibi tó dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti àwọn tó pè wọ́n láti bèèrè. Àwọn èèyàn kíyè sí i ná, wọn kì í ṣe afọ́jú, wọ́n rí i pé ẹrù tó máa ń dé lọ́la ti wá ń di ọjọ́ kẹrin ọjọ́ karùn-ún, àwọn kan wá kọ̀wé sí kọ́sítọ́mà kíà pé kí ló dé. Schwalb ní èsì tí wọ́n ń fún wọn ni èyí tó máa jẹ́ kí wọ́n rò pé ẹrù kàn pẹ́ lọ́nà bí ẹrù ṣe máa ń pẹ́ nígbà míì. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ilé iṣẹ́ ti jókòó, wọ́n ti ṣèpinnu, síìpù kóòdù yín ti wà nínú lísìtì. Ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀ fún Prime tuntun láti 20020 náà, wọn ò sọ fún un kó tó sanwó. Ìpolówó tí ẹni tó wà ní Georgetown, àdúgbò olówó ní òdìkejì ìlú yẹn, rí lòun náà rí.

Amazon náà ní tẹnu wọn o. Wọ́n ní irọ́ pátápátá ni pé àwọn ń ṣe ojúsàájú tàbí pé àwọn ń tan ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n ní àwọn èèyàn ti dìídì kọjú ìjà sí àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń gbé ẹrù àwọn ní àdúgbò yẹn, ìdí nìyẹn táwọn fi yí bí àwọn ṣe ń gbé ẹrù débẹ̀ padà, ààbò òṣìṣẹ́ àwọn ló jẹ àwọn lógún. Mi ò ní fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ń fi mọ́tò kó ẹrù kiri látàárọ̀ dalẹ́, iye kékeré ni wọ́n ń san fún un, tí wọ́n bá fi ìbọn gba mọ́tò lọ́wọ́ ẹ̀ ọ̀gá tó wà ní Seattle, níbi tí olú ilé iṣẹ́ Amazon wà, kọ́ ló máa fara gbọta. Tí mo bá jẹ́ ìyá dẹ́rẹ́bà yẹn, èmi náà á ní kó má lọ.

Àmọ́ Schwalb ò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn rárá, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì gbọ́. Ohun tó sọ ni pé Amazon lẹ́tọ̀ọ́ láti yí iṣẹ́ wọn padà bó bá ṣe wù wọ́n, ohun tí wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ni kí wọ́n pinnu ní ìkọ̀kọ̀ pé dọ́là ẹni tó wà ní síìpù kóòdù kan ò níye lórí tó dọ́là ẹni tó wà ní òmíì. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ "ìkọ̀kọ̀" ló gbé ẹjọ́ yẹn ró. Òfin tó lò, òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ni, òfin pé o ò gbọdọ̀ tan ẹni tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ jẹ. Òfin kẹ́lẹ́yàmẹ̀yà kọ́ ni. Kò níláti fi hàn pé ẹnì kan ní Amazon kórìíra aláwọ̀ dúdú, ohun tó fẹ́ fi hàn kò ju pé wọ́n tà á, wọn ò sì gbé e wá.

Wàyí o, kí lójú síìpù kóòdù rí tó fi di ohun tí wọ́n fi ń pín èèyàn? Torí nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú èèyàn. Ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1963 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, lẹ́tà ló ti pọ̀ jù, wọ́n fẹ́ kó rọrùn láti ṣà. Nọ́ńbà márùn-ún ni. Tẹ́ ẹ bá wo 20019, 2 tó ṣáájú ń sọ apá ibi tó wà lórílẹ̀-èdè yẹn, òun ló kó Washington, Maryland, Virginia, West Virginia àti Carolina méjèèjì pọ̀. 200 tó jẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ ibùdó ńlá tí wọ́n ti ń ṣa lẹ́tà ìlú Washington, 19 tó kẹ́yìn ló wá ń tọ́ka sí àdúgbò. Gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ nìyẹn, ọ̀nà tí ẹni tó ń pín lẹ́tà máa gbà. Kò sọ iye tí ẹnikẹ́ni ń gbà, kò sọ àwọ̀ ara, kò sọ bóyá èèyàn ń jẹ gbèsè.

Ẹni tó wá rí nǹkan míì nínú ẹ̀ ni Jonathan Robbin, onímọ̀ nípa àwùjọ tó dá ilé iṣẹ́ Claritas sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ó mú èsì ìkànìyàn tí ìjọba ṣe, ó dà á pọ̀ mọ́ síìpù kóòdù, ó ki gbogbo ẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà, ó wá pín bíi 36,000 síìpù kóòdù Amẹ́ríkà sí ìsọ̀rí 40. PRIZM ló pe nǹkan ọ̀hún. Èrò ẹ̀ ò ju pé irú kan náà ni àwọn tó ń gbé nítòsí ara wọn, pé tó o bá ti mọ ibi tí èèyàn ń gbé, o lè sọ mọ́tò tó máa rà, ìwé ìròyìn tó ń kà, ọtí tó ń mu, láìjẹ́ pé o bi í ní nǹkan kan. Wọ́n sì fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Èyí tó wà lókè pátápátá, ìyẹn ti àwọn tó lówó jù, ni wọ́n pè ní Blue Blood Estates, lábẹ́ ẹ̀ ni irú Money & Brains àti Furs & Station Wagons wà, Shotguns & Pickups wà fún àwọn ará oko, èyí tó gbẹ̀yìn ìlà tó jẹ́ nọ́ńbà 40, Public Assistance ni wọ́n pè é, ìyẹn ni pé àwọn tí ìjọba ń bọ́. Ẹ fojú inú wò ó ná. Ẹnì kan wà ní àdúgbò yẹn tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, tó ń san owó orí ẹ̀, tí ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba rí, orúkọ tí wọ́n fún títì ẹ̀ náà lòun náà ń jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà àwọn tó ń tajà, kò sì ní mọ̀ láéláé.

Mi ò sọ pé iṣẹ́ Robbin ò dáa o. Ó ṣiṣẹ́ gan-an ni, ìdí nìyẹn tó fi tàn kálẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi ìwé ìpolówó ránṣẹ́ sí ilé mílíọ̀nù kan tówó ẹ̀ ò ká a, ó nílò ohun tó máa sọ fún un ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Richard Webber ṣe tiẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín àwọn ọdún yẹn, tó ń jẹ́ ACORN, kóòdù ìfìwéránṣẹ́ tiwọn náà ni wọ́n ń lò títí dòní. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nọ́ńbà ọ̀hún ò dúró sórí bébà ìpolówó. Kò pẹ́ tó fi di ohun tí wọ́n ń fi pinnu ẹni tí wọ́n máa fún ní ẹ̀dínwó, ibi tí wọ́n máa ṣí ṣọ́ọ̀bù sí, àti ẹni tí mọ́tò máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Àti pé Amẹ́ríkà ti ṣe irú ẹ̀ kó tó di pé síìpù kóòdù dé. Ní àwọn ọdún 1930, àjọ ìjọba kan tó ń rí sí ẹ̀yáwó ilé, tó ń jẹ́ HOLC, 1933 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ya máàpù ọ̀pọ̀ ìlú ńlá, wọ́n kùn ún ní àwọ̀: àwọ̀ ewé fún ibi tó dáa jù, búlúù tẹ̀ lé e, yẹ́lò fún ibi tó ń bà jẹ́ lọ, pupa fún ibi tí báńkì gbọ́dọ̀ sá fún. Tí aláwọ̀ dúdú bá ti ń gbé ibẹ̀, ó dájú bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ pé pupa ni. Wọ́n fi òfin dá ojúsàájú lórí ọ̀rọ̀ ilé dúró ní ọdún 1968, àmọ́ òfin ò lè kó èèyàn kúrò níbi tí wọ́n ti kó wọn jọ sí láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Torí náà ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà Robbin bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúgbò, àdúgbò tí wọ́n ti ṣà sílẹ̀ dè é ló ń kà. Èyí ló jẹ́ kí ilé iṣẹ́ kan lè búra pé òun ò wo àwọ̀ ẹnikẹ́ni, kí ìbúra yẹn sì jẹ́ òótọ́, kí máàpù tó jáde síbẹ̀ dà bíi ti 1930s.

Àpẹẹrẹ ẹ̀ tó ṣe kedere jù, ọ̀dọ̀ Amazon yìí kan náà ló ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún mẹ́fà kó tó di ti 2022. Ní oṣù Karùn-ún 2015, wọ́n ní àwọn tó ń san Prime á máa rí ẹrù wọn gbà lọ́jọ́ tí wọ́n rà á gan-an lọ́fẹ̀ẹ́ tí ọjà yẹn bá ti ju $35 lọ. Ní oṣù Kẹrin 2016, ilé iṣẹ́ ìròyìn Bloomberg gbé máàpù tó fi ibi tí wọ́n ń gbé e dé hàn jáde. Ìlú mẹ́fà ni wọ́n ti rí i pé kò dọ́gba: Boston, New York, Chicago, Atlanta, Dallas àti Washington. Ní mẹ́rin tó kẹ́yìn yẹn, tí aláwọ̀ funfun bá jẹ́ méjì tó lè rí i gbà, aláwọ̀ dúdú ò ju bí ẹyọ kan lọ. Ní New York, gbogbo Bronx ni wọ́n yọ. Ní Chicago, South Side. Ní Washington, ẹ ti mọ apá ibi tó máa jẹ́, òdìkejì Anacostia ṣáà ni. Ti Boston ló wá burú jù lójú tèmi, torí Roxbury, àdúgbò tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, wà láàárín bí ojú ihò dónọ́ọ̀tì, gbogbo àdúgbò tó yí i ká pátá ló ń rí ẹrù gbà lọ́jọ́ kan náà, òun nìkan ni ò rí i. Tẹ́nì kan bá ń sọ pé jíjìn ló fà á, kó ṣàlàyé Roxbury fún mi.

Amazon ṣàlàyé nígbà yẹn pé ohun mẹ́ta làwọn ń wò: bí àwọn tó ń san Prime ṣe pọ̀ tó níbẹ̀, bó ṣe jìnnà tó sí ilé ìkẹ́rùsí, àti bóyá àwọn rí ẹni tó máa gbé ẹrù débẹ̀ títí di aago 9 alẹ́, títí kan ọjọ́ Sunday. Wọ́n ní àwọn ò wo àwọ̀ ara rárá. Bloomberg náà ò sọ pé wọ́n ń wò ó, wọ́n sọ kedere pé àwọn ò rí ẹ̀rí ẹ̀. Èmi náà gbà wọ́n gbọ́. Àmọ́ ẹ padà wo ìkíní yẹn dáadáa: ibi tí Prime ti pọ̀. Tí àdúgbò kan ò bá ní Prime púpọ̀, wọn ò ní gbé ọjọ́-kan-náà débẹ̀, tí wọn ò bá gbé e débẹ̀, kí lèèyàn fẹ́ fi Prime ṣe, tí wọn ò bá sì ra Prime, kọ̀ǹpútà á ní ẹ ò rí i pé mo sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò fẹ́ ẹ. Bó ṣe máa wà nìyẹn títí tẹ́nì kan á fi da nǹkan yẹn rú látìta.

Wọ́n sì dà á rú lóòótọ́. Méyọ̀ Boston nígbà yẹn, Marty Walsh, sọ̀rọ̀, sẹ́nétọ̀ Ed Markey kọ̀wé, Bobby Rush tó ń ṣojú South Side nígbà yẹn ní Congress, ìyẹn ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, náà ò dákẹ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí Amazon fi ní àwọn á dé Roxbury. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, wọ́n fi Bronx àti South Side kún un, wọ́n sì ṣèlérí àwọn ìlú tó kù. Inú mi dùn sí i, àmọ́ ó tún bí mi nínú, torí tó bá ṣeé ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìyẹn ni pé gbogbo ìṣirò jíjìn àti ẹni tó máa gbé e yẹn ò le tó bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó wo máàpù yẹn kó sọ pé ẹ dúró ná, àwọn wo ló ń gbé ibi tó ṣófo yìí.

Èyí ló jẹ́ kí ti 2022 ṣòroó gbà. Ní 2016, wọ́n lè sọ pé ìṣirò ló gbé àwọn débẹ̀, ojú àwọn ò tó o. Ní 2022, ilé iṣẹ́ kan náà, ìlú kan náà, òdìkejì odò kan náà, ìṣirò kọ́ ló yọ wọ́n, èèyàn ló pinnu ẹ̀. Nígbà yẹn, máàpù wà níta, oníròyìn lè tẹ síìpù kóòdù síbẹ̀ kó rí i pé kò sí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí máàpù tó hàn síta. Ẹni tó wà ní 20019 ò lè mọ̀ àyàfi tó bá ń ka ọjọ́ tí ẹrù ẹ̀ ń dé, tó sì lẹ́nì kan ní òdìkejì odò tí wọ́n jọ ń ṣe ìfiwéra.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó máa yanjú ẹ̀ ò le. Tó bá jẹ́ pé àwọn títì kan ló léwu fún dẹ́rẹ́bà, síìpù kóòdù ti tóbi jù láti fi ṣe ìwọ̀n. Inú 20019 nìkan, Deanwood wà níbẹ̀, Benning wà níbẹ̀, Marshall Heights wà níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé, àwọn kan jẹ́ ilé bàbá-ń-lá tí ìdílé kan náà ti ń gbé láti ìran dé ìran. Ilé iṣẹ́ tó lè sọ fún èèyàn lórí fóònù pé mọ́tò ẹ ku ilé mẹ́rin kó dé ọ̀dọ̀ ẹ, ṣé òun ni ò ní lè mọ títì tó léwu yàtọ̀ sí èyí tí ò léwu? Wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà márùn-ún ló rọrùn láti tẹ̀, ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà, ẹnì kan á kàn mú un kúrò nínú lísìtì, iṣẹ́ parí.

Ohun tí Schwalb béèrè lọ́wọ́ kọ́ọ̀tù nígbà tó pe ẹjọ́ yẹn ni kí Amazon jáwọ́ nínú ẹ̀tàn, kí wọ́n dá owó padà fún àwọn tó san án, kí wọ́n sì san owó ìtanràn fún ìlú. Lójú òfin tó lò yẹn, tí Amazon bá lọ kọ ọ́ síbi tí èèyàn ti ń sanwó pé ẹrù ò ní yá tó ti ibòmíì tí síìpù kóòdù bá jẹ́ 20019 tàbí 20020, ẹ̀tàn ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn, kódà kí mọ́tò wọn má tẹ afárá Anacostia mọ́.